Títí Gbogbo Ẹni Tí A Rán Yóò Fi Dé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo yọ àgádágodo kúrò lára àkójọ náà lónìí. Ó yẹ kí wọ́n fi mí joyè.

Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀rọ wa, èyí tí à ń ṣe fún ilé ìwòsàn, ti ń ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Gbogbo ohun èlò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ ìkókó ní wọ́ọ̀dù, èyí tó ń ka èémí, èyí tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, inú àkójọ kan náà ni wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn. Tí ojú ẹ̀rọ kan bá fẹ́ ka ti ọmọ kan, á ti àkójọ náà pa, àwọn yòókù á wá tò sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ńbà á pẹ́ kó tó yọ. Ọmọ ìkókó kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ kà á wọlé, á kà, á jáde, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan á kọ́kọ́ já a kúrò lára okùn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa rí i mọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jù ú nù títí àwọn tó ti ń wò ó tẹ́lẹ̀ yóò fi jáde. Ìgbàgbọ́ àti sùúrù ni gbogbo rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wà lọ́wọ́ mi. Sùúrù ni ọkọ mi sọ pé wọn ò pín dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn mi, ó wo bí nọ́ńbà ṣe ń sáré lójú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin. Inú rẹ̀ ní láti dùn dé góńgó kó tó fi imú kọrin. Òjò pa gbogbo aṣọ tí mo sá sílé, mi ò tilẹ̀ bínú.

Ọjọ́ Rírú, 5 oṣù kẹta

Mátíròn wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ọ́fíìsì wa. Kò jókòó.

“Ẹ má ṣàlàyé fún mi o, ìbéèrè kan ni mo bá wá. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ nǹkan nínú ẹ̀rọ yìí, ṣé ẹ máa pa á ni?”

“Rárá, Mà,” ni mo dáhùn. “Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ló ní apá tó ń bá a sọ̀rọ̀, mọ́dúùlù là ń pè é. A lè yọ ọ́, ká ki òmíràn bọ̀ ọ́, kí ẹ̀rọ ṣì máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ.”

“Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa báyìí, pípa ni wọ́n ń pa á. Kó tó jí padà, àwa nọ́ọ̀sì la máa gbọ́wọ́ lé àyà àwọn ọmọ, tá a máa ka èémí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti darúgbó jù fún ìyẹn.” Ó wo ojú mi. “Tí ti yín bá ṣókùnkùn lójú mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ gbé e padà sílé yín.”

Oṣù tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ. Mi ò sọ fún un pé àbúrò mi obìnrin, tí oyún rẹ̀ ti yọ síta báyìí, ilé ìwòsàn yẹn ló ń lọ, àti pé dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má dúró kó pé oṣù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, abẹ́ ẹ̀rọ mi ló máa sùn. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, Oníyèméjì la sọ ọ́, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Tí o bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, á yọjú lójú fèrèsé kó tó gbà. Ó ṣe ìdánwò kan fún ẹ̀rọ mi, tó ń yọ mọ́dúùlù, tó ń kì í bọ̀ ọ́ padà, láì sinmi. Mo ń mu omi lọ́wọ́ nígbà tó pè mí.

“Ó ti kú.”

“Kí ló kú?”

“Ẹ̀rọ ẹ. Má wulẹ̀ sáré, ó ti tutù.”

Ẹ̀rọ tó bá ń kú lọ máa ń sọ gbólóhùn ìkẹyìn. Ti èmi ní òun gba àdírẹ́ẹ̀sì kan lọ, òun ò sì bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Kò kú lónìí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Rírú, 12 oṣù kẹta

Ó kú láàárọ̀, ó tún kú kí a tó jẹun ọ̀sán. Mo ní bóyá iná mànàmáná ni. Oníyèméjì ní bóyá èmi ni. Ìyẹ̀fun tún ti gbówó lórí, ọkọ mi tó ń yan búrẹ́dì tà ń bá àpò ìyẹ̀fun sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Àwa méjèèjì jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́, a wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Onílé fẹ́ wó ilé yìí, kó fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò dùn mí púpọ̀. A ti rí ilé mìíràn tó ní yàrá kan lé, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi máa wà pẹ̀lú ọmọ títí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ yóò fi ti ojú òkun dé.

Màmá ti dé láti bá wa di ẹrù. Ká kúkú sọ òótọ́, Màmá ò di nǹkan kan, àṣẹ ló ń pa. Ó gbé àga sáàárín pálọ̀, ó jókòó, ó ń fi ìka tọ́ka. Tábìlì ìjẹun wa ti ń mi láti ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tó kà á sí. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kan yẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ti yàrá jáde, tábìlì ò sí níbẹ̀ mọ́.

“Tábìlì dà, Màmá?”

“Mo ti bá ẹ fi rán gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo ní kó tún ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe, kó gbé e padà wá sílé. Ṣé kí n máa wò ó níran ni?”

Mo dúpẹ́. Mo padà sídìí àwo tí mò ń dì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo ti mú un! Mo rò pé mọ́dúùlù ń kúrò nílé nígbà tí òǹkàwé kan, ẹni tó wọlé wá ka ìlẹ̀kẹ̀, ṣì wà nínú rẹ̀. Mo wá fi kún un pé kó dúró títí òǹkàwé tó kẹ́yìn yóò fi jáde kó tó lọ. Láti àárọ̀ títí a fi lọ sílé, ìdánwò ń lọ, ẹ̀rọ ò tilẹ̀ wúkọ́. Ọkọ mi yan kéèkì ńlá kan, ó kọ “Ó TÁN” sórí rẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà, ó gbé e wá sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀. Ọ̀gá jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Oníyèméjì bu tirẹ̀, ó wò ó yíká kó tó fi sẹ́nu.

Ọjọ́ Rírú, 19 oṣù kẹta

Ó kú. Kéèkì ṣì kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

A kó lọ. Owó tí ọlọ́kọ̀ akẹ́rù gbà, bí ẹni pé òkè ńlá la ní kó bá wa gbé. Àwọn aládùúgbò wá kí wa pé ó dàbọ̀, wọn ò sì tètè lọ. Mo dúró de gbogbo wọn. Ẹni tó kẹ́yìn jáde tán, mo wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo ilé ìwẹ̀, kò sí ẹnì kankan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fún onílé ní kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé, “Ṣé o rí i? Báyìí ni wọ́n ń kúrò nílé.”

Àbúrò mi ti na ara sórí ibùsùn rẹ̀ nínú yàrá tuntun, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án. Ó ń ta mí nípàá.” Mo fọwọ́ kàn án. Èmi náà ni ó ta nípàá. Ayọ̀ kún inú mi, ẹ̀rù sì wà lábẹ́ ayọ̀ náà, nítorí mo ronú kan ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Bọ̀, 27 oṣù kẹta

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo gbàyè wákàtí díẹ̀ lọ́sàn-án láti dúró de ẹni tó ń fi iná sílé tuntun. Fóònù mi dún. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni.

“Màdámù, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ilé yín dà?”

“Ilé wo?”

“Ilé yín ni mo wà o. Àbí kí n sọ pé ibi tí ilé yín wà ni mo wà. Tábìlì yín wà lórí mi. Katakata ló ń wó ògiri níwájú mi, ẹni tó ń wà á sì ń pariwo pé kí n yàgò. Mo ní iṣẹ́ ni wọ́n rán mi, ó ní kí n lọ jíṣẹ́ fún bíríkì.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Mo ń wò ó lọ́kàn, ọkùnrin gíga yẹn, tábìlì lórí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà sókè ọ̀run, eruku nílẹ̀, eruku lókè. Ẹ̀rín náà kàn ṣàdédé gé.

Mo dúró de gbogbo àlejò. Mo wo gbogbo yàrá. Ẹni tí mi ò rántí ni ẹni tí kò sí nínú ilé rárá, ẹni tí a ti rán jáde, tó ń padà bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Mọ́dúùlù mi kì í ju ìlẹ̀kẹ̀ nù fúnra rẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ olórí ilé nínú kọ̀ǹpútà, ni mọ́dúùlù ń rán níṣẹ́ pé: tí àwọn òǹkàwé bá ti jáde tán, padà wá sọ́dọ̀ mi, wàá bá ìlànà bí o ṣe máa jù ú nù nínú yàrá mi. Mọ́dúùlù á wá kó jáde. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì á padà wá jíṣẹ́, á bá katakata. Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbẹ́nàgbẹ́nà fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó pè mí lórí fóònù. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ò ní fóònù. Ibi tí a ní kó gbẹ́sẹ̀ lé ló gbẹ́sẹ̀ lé, ó sì já sí kòtò.

Mo júwe ilé tuntun fún gbẹ́nàgbẹ́nà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú, mo fi oníná sílẹ̀ fún àbúrò mi, mo sáré lọ sí ọ́fíìsì. Mi ò mọ̀ pé sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

“Gbẹ́nàgbẹ́nà ni!” ni mo ké láti ẹnu ọ̀nà.

Oníyèméjì gbójú sókè. “Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ló ráyè wọnú kọ̀ǹpútà?”

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Ìlà kan péré ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ṣáájú wa ti fi í sínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì: dúró títí gbogbo ẹni tí a rán yóò fi dé. Mo ti kà nípa rẹ̀ rí, mo sì rò pé ọ̀kan náà ni òun àti dídúró de àwọn òǹkàwé. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó wà nínú ilé yàtọ̀ sí ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Mo fi ìlà náà sí i. Ìdánwò ń lọ. Kò sí kéèkì. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Tábìlì dé! Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣinṣin, mo fi ìdí mi jókòó lé e láti dán an wò, ọkọ mi sì ní ọmọdé ni mí. A ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wa jẹun. Oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Mo lọ mú ṣíbí wá, mo dé, kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà.

“Mo ti rán an níṣẹ́,” ni Màmá wí. “Ọmọ yìí fẹ́ bímọ, kò sì sí àga tó lọ sílẹ̀ tó lè jókòó lé fọ́mọ lọ́mú. Mo ní kó lọ kàn án wá.”

“Màmá! Kò tíì jókòó tán kẹ́ ẹ tó tún rán an! Báwo la ṣe máa jẹun nígbà tí kò tíì dé?”

“Ṣé ọwọ́ mi lẹ fi ń jẹun ni?”

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù kẹta

Ó kú. Lẹ́ẹ̀kan péré láti ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ó kú. Mo fẹ́ sunkún. Mo jókòó, mo bojú wo gbólóhùn ìkẹyìn náà, àdírẹ́ẹ̀sì òfìfo kan náà ni. Mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣáájú! Mo dúró de gbogbo ẹni tí mo rán!

Mo wá rántí Màmá.

Mò ń dúró de àwọn tí a ti rán, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì ń ránni níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń dúró. Bí mo ṣe ń ka ẹni tó kù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ṣí sílẹ̀, ohun èlò tí Oníyèméjì ń tú nínú ìdánwò ṣì ń gba ibẹ̀ fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo yí ètò rẹ̀ padà. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ránni níṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí á wá dúró de àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n bá dé tán ni kí á tó kó jáde. Oníyèméjì ní ìlà tí mo fi ti ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ rírán yẹn ní láti ní orúkọ. A pè é ní Màmá.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń yọ ọ́, tí wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́. Oníyèméjì tú ohun èlò nígbà tí kò yẹ, ó tì í padà nígbà tí kò yẹ, ó ṣe gbogbo àrékérekè tó mọ̀. Lọ́sàn-án òní, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Mo gbà,” ló wí.

“Kí lo wí?”

“O gbọ́ mi. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ọ̀gá ò fi imú kọrin lónìí. Ó lanu, ó sì kọ ọ́ síta. Ohùn rẹ̀ ò dára rárá, kò sì sí ohùn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin

A gbé e sí wọ́ọ̀dù. Mátíròn fi ìka nu orí rẹ̀ bóyá ó ní eruku. Kò ní.

Ọjọ́ Rírú, 23 oṣù kẹrin

Ọmọ ti dé! Kò dúró kó pé oṣù lóòótọ́. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé fìlà tí wọ́n dé sí i lórí fẹ́ bò ó dé èjìká, ṣùgbọ́n ó ké, gbogbo wa ló gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ní, “Igbe ìdílé wa nìyẹn.” Ara àbúrò mi le. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù Mátíròn. Òjò ń rọ̀, gbogbo wa tutù, kò sẹ́ni tó bìkítà.

Mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wo nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ mi. Èémí. Èémí. Èémí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù kẹrin

Mátíròn ránṣẹ́ pè mí. Ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ ti tóbi jù fún ọmọ kan, ó ń yọ bọ́. Wọ́n ti rí irú mìíràn tó kéré, ó sì nílò mọ́dúùlù tuntun. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré jù náà, ọmọ wa ni.

“Ṣé ẹ máa pa á ni?” ni Mátíròn bèèrè, bó ṣe bèèrè ní ọjọ́ kìn-ín-ní gẹ́lẹ́.

“Rárá, Mà.”

“Ó dáa. Màá dúró ti ọmọ, màá gbọ́wọ́ lé àyà ẹ̀. Ẹ ṣe é lójú mi.”

Oníyèméjì jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó wò mí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tẹ bọ́tìnì náà. Mo ní rárá, èmi ni màá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ìkókó ń sùn ní ìlà gígùn, nọ́ńbà wọn ń sáré lójú ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mọ́dúùlù àtijọ́ gbọ́. Kò ránni níṣẹ́ mọ́. Ó dúró. Ojú mi wà lára nọ́ńbà àwọn ọmọ yòókù, kò sí èyí tó dákẹ́, kò sí èyí tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ àrán tó kẹ́yìn dé. Ó kó jáde. Èyí tuntun wọlé, nọ́ńbà ọmọ wa sì yọ, ó ń lù kìkìkì bí ọmọ tó ń sáré lọ síbi eré.

Mátíròn gbọ́wọ́ kúrò ní àyà ọmọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wò mí. “Ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?”

“A ti ṣe é tán, Mà.”

Ó fa àga kan, ó jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó jókòó nìyẹn. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi orí ti ògiri, mo sunkún ayọ̀ débi pé Oníyèméjì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá ara mi yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù karùn-ún

Wọ́n dá ọmọ wa sílẹ̀ láàárọ̀ òní. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, fìlà ti mọ ibi tó yẹ kó dé. Ọkọ àbúrò mi ti ojú òkun dé lánàá, òun ló gbé e wọlé, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Ọkọ mi ti yan búrẹ́dì kún orí tábìlì, tábìlì ò sì mì. Oníyèméjì wá, ó wo ọmọ lójú, ó ní ó dà bí ẹni pé ó rẹwà. Fún Oníyèméjì, àṣejù ìyìn nìyẹn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, pẹ̀lú àga kékeré kan lórí. “Ẹ má bínú pé ó pẹ́. Mo kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ilé yín wà tẹ́lẹ̀, bóyá ẹ ti padà síbẹ̀. Ẹ̀yin ò ṣeé gbọ́kàn lé.” Àbúrò mi jókòó lórí àga náà, ó gbọ́mọ sáyà, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ilé dákẹ́.

Màmá la ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ rán gbẹ́nàgbẹ́nà níṣẹ́. Mo fi búrẹ́dì dí i lẹ́nu.

Mo wá wò wọ́n yíká lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà nínú ilé àti àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà. Kò ku ẹnì kan. Mo lọ ti ilẹ̀kùn.